Obì Tí Eyín Mi Kò Lè Gé

Gbígbẹ ni eyín mi máa ń gbẹ kí n tó jí. Ètè òkè mi kò gùn tó láti bo àwọn méjì tó wà níwájú, afẹ́fẹ́ ọ̀sà á sì ti fẹ́ sí wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo ní láti fi ahọ́n rin wọ́n kí n tó lè kí ẹnikẹ́ni. Mo rántí ìgbà náà dáadáa, nígbà tí Faransé ṣì ń pàṣẹ ní Dàhòmì, tí èmi jẹ́ wúńdíá ní àdúgbò Akron, nílùú Àjàṣẹ́ wa, tí mo ń ránṣọ lọ́dọ̀ ìyá mi. Àwọn aránṣọ yòókù a máa fi eyín gé òwú. Èmi a wá àlùmọ́gàjí kiri, mo sì rò pé ọwọ́ mi ni kò mọṣẹ́.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó yọ eyín mi síta. Ìyá bàbá mi ní mo mu ìka pẹ́ jù, títí mo fi tó ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́. Àwọn aládùúgbò ní alángbá ló rí eyín àkọ́hù mi nígbà tí mo jù ú sórí òrùlé. Èmi gba gbogbo wọn gbọ́, n kì í sì í run pákò láàárọ̀ láìfi àtàǹpàkò ti eyín náà sẹ́yìn bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Mo mà gọ̀ o! Ìyá mi ní tirẹ̀ kì í sọ púpọ̀. “Pa ẹnu dé” ló máa ń wí, nílé, lọ́jà, níwájú àlejò. Màá pa á dé, yóò tún ṣí.

Nígbà tó yá, gbẹ́nàgbẹ́nà kan láti àdúgbò Jègan-Kpèvi wá tọrọ mi. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, n kò ní tan yín. Ṣùgbọ́n ilé wọn ní àṣà kan: lọ́jọ́ ìdána, ìyàwó yóò fi eyín iwájú gé awẹ́ obì lójú gbogbo ẹbí, yóò sì fi ìyókù lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyàwó tí kò bá gé e ti kọ ọkọ nìyẹn, wọn yóò sì gbé ẹrù wọn padà. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, wọn kò sì padà wá bẹ̀.

Èèwọ̀ ni kí n fi obì dánra wò ṣáájú ọjọ́ náà, nítorí náà mo fi ẹ̀kọ tútù dán an wò. Mo gé e, mo sì yẹ ojú eyín wò lára rẹ̀. Àwọn ti òkè wọlé jinlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, àlàfo tó gba ìka kan sì wà láàárín wọn. Ìgbà yẹn ló yé mi. Eyín mi kò gùn ju ti ẹlòmíì lọ, òkè ló ti lọ síwájú, ìsàlẹ̀ kò bá a dé ibẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè jẹ ẹ̀kọ náà tán. Ta ni màá sì sọ fún? A kì í dárúkọ eyín mi nílé wa.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, obìnrin kan tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù, ló gbé awẹ́ obì lé mi lọ́wọ́. Mo gé e. Eyín òkè wọ inú obì, ìsàlẹ̀ kò kàn án. Mo tún gé e. Itọ́ rin obì, ojú eyín méjì wà lára rẹ̀, kò sì já. Ìyá mi tẹjú mọ́ ilẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà mi kò gbórí sókè, ẹnìkan lọ́dọ̀ wọn sì ti ń di aṣọ mọ́ igbá.

Obìnrin náà bi mí pé, “Ìyàwó, ṣé o kọ̀ wá ni?”

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo la ẹnu gbàgà lójú gbogbo wọn. “N kò kọ̀ yín, ìyá. Eyín mi ni kò pàdé. Ẹ fi ìka yín sáàárín wọn.”

Ó fi ìka sí i. Ó ní kí n gé e, mo gé e tagbáratagbára. Ìka náà kò mọ nǹkan kan lára. Ó yọ ọ́, ó wò mí pẹ́, ó wá sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé òótọ́ ni mo sọ, kí wọ́n jẹ́ kí n fi eyín ẹ̀gbẹ́ gé obì náà. Obì náà dún kẹ́kẹ́. Mo fi ìyókù lé ọkọ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí ìdána parí, tí ìyá mi ń bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn mi, ó ní kí n la ẹnu. Òun náà fi ìka sí i. “Kò ṣe é pa dé?” ló bi mí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí, ìyá mi àti gbẹ́nàgbẹ́nà náà. Ọmọ ọmọ mi kan wà ní Kútọnu tí wọ́n fi wáyà to eyín rẹ̀, ó bi mí bóyá ǹ bá ṣe é nígbà tèmi. Mo ní ǹ bá ṣe é kíá, n kì í ṣe òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eyín náà ti tán lọ́kàn mi. Ohun tó ń dùn mí di òní ni pé èmi àti ìyá mi jọ ń jẹun nínú àwo kan láti kékeré mi, ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò nílé rẹ̀ ló tó wo inú ẹnu mi.