Orin Ìfẹ́ Tí Mo Pè Ní Orin Ìjọ

Ọjọ́ tí Noreen, ìyá àgbà tó ń po tíì fún wa, kọ orin kan bó ṣe ń fọ ife, ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lásìkò tí owó ń ṣàn ní Dublin, kátúùnù àtijọ́ ni ilé iṣẹ́ wa ń kó sórí DVD. Èmi ni mo ń gbọ́ orin inú wọn, tí mo ń kọ orúkọ orin kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ni ín sílẹ̀, kí wọ́n lè tọrọ àṣẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Ajá á máa lé pẹ́pẹ́yẹ, orin àwọn àgbà olórin Yúróòpù á máa dún lọ. Bí ajá bá fojú kan ẹran báyìí, orin ijó nípa oúnjẹ á yọjú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, á sì pòórá.

Declan, ọ̀gá wa, kò gbọ́ ìyàtọ̀. Ó gbé ìwé ẹ̀rí orin kọ́ ara ògiri, ṣùgbọ́n etí ìkòkò sàn ju tirẹ̀ lọ. Bí fayolíìnì bá ti dún, á ní, “Ẹni tó kọ ìyẹn ti kú tipẹ́, kò sí àṣẹ tí a ó tọrọ. Grand, ó ti dáa!” Ẹni tí wọ́n dáná sun àdúgbò rẹ̀ nígbà rògbòdìyàn nílé, tó sá àsálà dé ìlú onílùú, kì í bá ọ̀gá jiyàn.

Nínú kátúùnù kan, àkùkọ ń fi òdòdó wá ìyàwó. Mo gbọ́ orin tí ẹgbẹ́ akọrin wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń gba ọrẹ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: orin ìjọ, kò sẹ́ni tó ni ín. Orin yẹn gan-an ni Noreen ń kọ.

“Ẹ̀yin náà ń kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mà?”

“Ṣọ́ọ̀ṣì kẹ̀? Orin tí ọkọ mi fi tàn mí dé ilé ijó! Má jẹ́ kí fadá gbọ́ o!”

Àṣé ọ̀gá akọrin wa ló bọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kúrò lára orin òyìnbó, tó wọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún un! Ọ̀la sì ni wọ́n máa tẹ DVD náà. Ìwé ìgbélùú mi ń bọ̀ wá parí, bí mo bá sì lọ sọ ọ́ dọ̀tun, wọ́n á béèrè iṣẹ́ mi. Síbẹ̀, orúkọ mi ló wà lábẹ́ ìwé orin. Mo wọlé tọ Declan.

“Mo ṣì í kọ, sà. Orin yẹn ní ẹni tó ni ín.”

“Mo ti tún un ṣe,” ló wí. Mo wo ìwé náà: ó ti fagi lé orin ìjọ, ó kọ orúkọ òkú olórin ará Vienna kan sí i!

Mo lọ pe Noreen. Ó kọ orin náà tán níwájú ọ̀gá, tọ̀rọ̀ ìfẹ́ tijó. Ojú Declan pọ́n bí ata.

Nígbà ìpàdé, ó ní òun fúnra òun lòun gbọ́ pé orin náà ní ẹni tó ni ín. Mo pàtẹ́wọ́ fún un pẹ̀lú àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ fọwọ́ sí ìwé orin kankan láì kọ́kọ́ yọjú sí mi: “Kí lo gbọ́?”

Mo máa ń ní kó dúró ná, kí n bi Noreen.