Bọ́tìnì “Mo Gbà”

Aṣọ iṣẹ́ ni mo ń rán ní Ajah: ti nọ́ọ̀sì, ti alásè, ti àwọn sìkiọ́rítì ẹsíteètì. Nígbà tí wọ́n ń tún títì Ẹ̀pẹ́ ṣe, tí àwọn ará Oniru ò fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa mọ́, àbúrò mi obìnrin bá mi ṣe ìkànnì kan, kí èèyàn lè jókòó sílé rẹ̀, kó yan aṣọ, kó sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀.

Ìkànnì yẹn ni ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Igbó Ẹfọ̀n rí tí wọ́n fi fẹ́ gbé aṣọ gbogbo òṣìṣẹ́ wọn fún mi. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò dé ọwọ́ mi rí. Àmọ́ obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfin níbẹ̀ pè mí. Ó ní ìkànnì mi ń fi kúkì sínú fóònù àwọn èèyàn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Mo ní, “Aṣọ ni mo ń rán, Mà. Mi ò kì í yan bísíkíìtì.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé pé àkọsílẹ̀ kékeré ni, tí ìkànnì máa ń fi sínú fóònù kó lè dá oníbàárà mọ̀ tó bá padà wá. Ìyẹn yé mi. Èmi náà ní ìwé pélébé tí mo ń kọ àyà, ìdí àti gígùn apá sí. Àmọ́ mi ò yọ́ fi í sí àpò ẹnikẹ́ni rí.

“Ẹ tún un ṣe, Mà. Mò ń bọ̀ wá wò ó ní Jímọ̀. Tó bá dáa, màá kúkú kó aṣọ tí ẹ máa gé dání.”

Mo kọ ọ́ sórí ìkànnì ní Yorùbá tó já gaara: “A fẹ́ fi kúkì sínú fóònù yín, kí a lè máa rántí yín.” Bọ́tìnì méjì wà lábẹ́ rẹ̀: “Mo gbà” àti “Mi ò gbà”.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, nọ́ọ̀sì kan pè mí. “Àǹtí, mo ti tẹ ‘Mo gbà’ láti àná o. Kúkì mi dà?”

“Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jẹ.”

“Ẹ ní inú fóònù lẹ ń fi í sí. Ṣé fóònù ló máa jẹ ẹ́ ni?”

Lọ́jọ́ kejì, bàbá kan tí mo máa ń rán aṣọ fún gbé fóònù rẹ̀ wá. Sítóò tí wọ́n ń kó ẹrù sí ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní, “Kí ni mo gbà?”

“Bàbá, pé ẹ fara mọ́ ọn ni.”

“Èmi kì í fọwọ́ sí i pé mo gba ẹrù tí mi ò tíì fojú rí.” Ó tẹ “Mi ò gbà” lójú mi. “Tó bá dé, pè mí.”

Kò tiẹ̀ dúró kí n pè é. Ó wá ní Tọ́sìdeè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ní Jímọ̀ ó ti jókòó, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí obìnrin òfin tó dé.

Obìnrin náà wo ìkànnì, ó ní, “Ṣé àwọn oníbàárà yín mọ̀ pé àwọn lè kọ̀?”

Bàbá dá a lóhùn. “Mi ò gbà! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tẹ̀ ẹ́.”

“Wọn ò fipá mú yín, Sà?”

“Ta ló máa fipá mú mi? Kúkì ò dé, mi ò gbà.”

“Wọ́n ṣì rán aṣọ fún yín?”

“Òun ni mo wọ̀ yìí.”

Ó ní òun ò tíì rí ibi tí òfin ti yé oníbàárà tó báyìí. Mo tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ mi. Ó na ìwé sí mi pé kí n fọwọ́ sí i pé mo gba rọ́ọ̀lù aṣọ mẹ́fà.

Bàbá di bírò mú lọ́wọ́ mi. “Ká kọ́kọ́ rí i.”

A jáde lọ sídìí bùútù mọ́tò obìnrin náà, a kà wọ́n. Márùn-ún ni.