Kábọ̀n Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Cecilia

Mo fi irun mẹ́tàdínlógún tó ṣẹ́ kù sórí mi búra, mo sì kà wọ́n láàárọ̀ yìí kí n tó jókòó: gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ nípa Cecilia ìyàwó mi, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá sí Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, kó béèrè ilé Bàbá Ìdùnnú, kó wá wí i lójú mi.

Ìbòkun ni wọ́n bí Cecilia Ògúnjìnmí sí. Kòkó àti obì ni bàbá rẹ̀ ń gbìn, ṣùgbọ́n kò gbà kí ọmọbìnrin rẹ̀ fi àdá jẹun. Ó mú un lọ sí ilé ìwé àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní káńsù. Kì í wo ọwọ́ rẹ̀ tó bá ń tẹ̀wé. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó ń tẹ lẹ́tà, tó ń mu omi, tó tún ń bá ọkùnrin kan jà lẹ́nu ọ̀nà, àṣìṣe kan ṣoṣo ò sì sí nínú lẹ́tà náà.

Àmọ́ kì í ṣe yíyá ọwọ́ ló sọ ọ́ di ẹni táwọn èèyàn ń wá. Kábọ̀n ni. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ̀ ọ́n: bébà dúdú kan tí wọ́n máa ń fi sáàárín bébà funfun méjì, kí ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sórí ti òkè lè hàn lára ti ìsàlẹ̀. Téèyàn bá gbé kábọ̀n tí wọ́n ti lò sókè sí oòrùn, gbogbo ọ̀rọ̀ ìwé náà ló wà lára rẹ̀ kedere. Àwọn táìpíìsì yòókù máa ń jù ú sínú agbọ̀n ìdalẹ̀nù. Cecilia kì í jù ú. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, á kó gbogbo rẹ̀ lọ sẹ́yìn ọ́fíìsì, á dáná sun ún, á sì fi igi tú eérú rẹ̀ ká. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ìwé ogún fún un, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ fún un, táwọn tíṣà sì ń gbé ìbéèrè ìdánwò fún un. "Ẹ gbé e fún Cecilia," ni wọ́n máa ń wí, "kò ní jáde."

Ọdún 1996 ló fẹ̀yìn tì. Ní 1998, Fọláránmi, ọkọ Ìdùnnú ọmọ wa, gbé kọ̀ǹpútà kan wá pé kó máa fi ṣiṣẹ́ nílé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Cecilia bi í rèé:

"Kábọ̀n rẹ̀ dà?"

"Kò ní kábọ̀n, Màmá."

"Rárá rárá?"

"Rárá rárá."

Ìyàwó mi jó yí tábìlì ká. Láti ọjọ́ náà, inú díísìkì pẹlẹbẹ ló ń pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ sí, díísìkì ń bẹ nínú àpótí irin, kọ́kọ́rọ́ àpótí sì wà ní ìbàdí rẹ̀. Ó gbà pé kò sí nǹkan kan láti sun mọ́.

Èmi ni mo gbé olè wọlé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wisdom ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ ládùúgbò wa. Ó máa ń wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ Cecilia. Lọ́jọ́ kan tí Cecilia lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá mi nílé.

"Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Mo mú ẹ̀bùn wá fún yín. Ayò wà nínú díísìkì yìí."

"Ayò? Nínú pẹlẹbẹ yìí? Ibo ni wọ́n kó ọmọ rẹ̀ sí?"

"Ẹ jẹ́ n fi hàn yín."

Ó tì í bọ inú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ kan jáde lójú ẹ̀rọ, ó ń béèrè bóyá kí òun wọlé. Wisdom ní kí n tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń ṣe àmín, mi ò kà á. Ayò sì jáde lóòótọ́: ihò méjìlá, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin! Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, mo ti na kọ̀ǹpútà náà láyò nígbà igba.

Ní oṣù kẹta ọdún 1999, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá fẹ́ jọ ṣe ìdánwò ìgbáradì. Ọ̀gá Ògúndélé, alága ìgbìmọ̀ wọn, gbé ìbéèrè ìṣirò fún Cecilia pé kó tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì ìdánwò, ọkùnrin náà wọlé tọ̀ wá láìkí ẹnikẹ́ni, ó ju ìwé ọmọ kan sórí tábìlì. Gbogbo ìbéèrè náà ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìdánwò, kò sì fẹ́ sọ ibi tó ti rí i.

"Màmá Ìdùnnú, ọwọ́ mi àti ọwọ́ yín nìkan ni ìwé yìí kọjá."

"Ṣé ẹ ń sọ pé èmi ni mo gbé e síta?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìgbìmọ̀ máa jókòó ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á ní kí n dárúkọ ẹnì kan. Orúkọ ta ni kí n dá?"

Nígbà tó lọ tán, Cecilia ò sunkún. "Gbogbo kábọ̀n tí mo jó," ló wí jẹ́ẹ́. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Tí wọ́n bá ka orúkọ rẹ̀ jáde ní Sátidé yẹn, kò sẹ́ni tó máa gbé ìwé fún un mọ́ láti Òṣogbo títí dé Ìbòkun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé.

"Bàbá Ìdùnnú, ẹ wá gbọ́."

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́?"

"Ẹ panu mọ́ kẹ́ ẹ tó lè gbọ́."

Ó tẹ ìlà méjì, ó dúró. Nǹkan ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nínú ẹ̀rọ, iná pupa kékeré ṣẹ́jú. Ó tún tẹ ìlà méjì. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

"Mi ò tíì ní kó pa nǹkan kan mọ́," ó ní. "Ta ló ń kọ̀wé tẹ̀lé mi? Kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀. Kí lẹ fi sínú ẹ̀rọ yìí?"

Mo wo àjà. Mo wo ilẹ̀. "Ayò."

"Ayò!"

"Ayò kékeré ni."

A ránṣẹ́ pe Nọ́síràtù, ọmọbìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó tú inú ẹ̀rọ wò títí, ó wá rí ìwé kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò kọ. Gbogbo ohun tí a ti tẹ̀ láti ọjọ́ ayò ló wà níbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè:

"'Mùyídéènì ọ̀rẹ́ mi, láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti wọ ilé yìí, kò sí iyọ̀ nínú ọbẹ̀ ìyàwó mi mọ́…'"

Cecilia yíjú sí mi. Lẹ́tà tí mo fi ìka kan tẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ ni!

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?" Ẹ̀rín ń pa Nọ́síràtù.

"Kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́," ni mo wí.

"Amí ni, Màmá," Nọ́síràtù ṣàlàyé. "Fáírọ́ọ̀sì máa ń ba nǹkan jẹ́, ẹ ó tètè mọ̀. Eléyìí ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ara ohun dídùn ló máa ń fara pamọ́ sí wọlé, á wá máa kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó gbé e wọlé á padà wá, á ki díísìkì tiẹ̀ bọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ yín á bá a lọ sílé."

"Wisdom!" Cecilia lu tábìlì. "Gbogbo Wẹ́sídeè ló ń wá tẹ ojú ìwé kan ṣoṣo jáde, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń ki díísìkì rẹ̀ bọ̀ ọ́. Kábọ̀n ni! Kábọ̀n wà nínú rẹ̀, mi ò sì mọ̀ kí n jó o!"

Nọ́síràtù fẹ́ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Fi sílẹ̀," ni Cecilia wí. "Mo ṣì fẹ́ rán an níṣẹ́."

Ó pe Ògúndélé wá. Lójú rẹ̀, ó tẹ ìbéèrè tuntun mẹ́wàá bí ẹni pé ti ìdánwò tí wọ́n fẹ́ tún ṣe ni, irọ́ ni gbogbo wọn, kò sì tẹ ẹyọ kan jáde sórí bébà. Ìkarùn-ún ni mo fẹ́ràn jù: "Bí òbúkọ mẹ́ta bá bí ọmọ méjì méjì, tí ọmọ kan sì kú, mélòó ló kù?"

Wisdom dé ní Wẹ́sídeè, ó tẹ ojú ìwé rẹ̀ kan jáde, ó lọ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé "kú iṣẹ́" nìkan ni kí n wí fún un. Iṣẹ́ tó le jù tí mo ṣe láyé mi nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́ Fúráídè, èmi àti Ògúndélé rọra lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé lẹ́sìnnì náà. Àwọn òbúkọ mẹ́ta wà lójú pátákó.

"Márùn-ún!" Wisdom fi ẹgba tọ́ka sí i.

Ọmọbìnrin kan nawọ́. "Tíṣà, òbúkọ kì í bímọ."

"Jókòó! Nínú ìdánwò, ó ń bímọ."

Ògúndélé wọlé. Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Wisdom.

Ní Sátidé, wọ́n ka orúkọ Cecilia jáde lóòótọ́: pé òun ló rí olè mú, pé òun náà ni yóò tẹ ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n máa tún ṣe. Wọ́n ní kí Wisdom ti lẹ́sìnnì rẹ̀ pa títí yóò fi fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn òbí. Ògúndélé wá sílé wa láti bẹ̀bẹ̀. Òjò ti rọ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun, kò dìde títí adìẹ wa méjì fi gun ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó na ìbéèrè tuntun sí Cecilia. Cecilia ò gbà á. "Ó di ìgbà tí ẹ̀rọ mi bá mọ́."

Nọ́síràtù yẹ gbogbo iṣẹ́ Cecilia wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn pa mọ́, ó wá nu inú kọ̀ǹpútà náà nù pátápátá, ó sì tún fi kìkì ètò tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é sínú rẹ̀. Ó fi ohun tó ń yẹ díísìkì wò kún un. Láti ìgbà náà, díísìkì àlejò kankan ò wọlé láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, Cecilia nìkan ló sì ń kì í bọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tẹ bẹ́ẹ̀ ni sí ohun tí kò kà, èmi ni wọ́n sì máa ń wò tí wọ́n bá ti ń sọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ àṣírí kan ló ń ṣí ẹ̀rọ náà, mi ò mọ̀ ọ́n di òní.

Ìdánwò kejì lọ ní ìrọ̀rùn, ìbéèrè kankan ò jáde. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, àwọn táìpíìsì láti Iléṣà àti Ìbòkun ti ń wá sí pálọ̀ wa ní Sátidé kí Cecilia àti Nọ́síràtù lè kọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n mọ bí ẹ̀rọ wọn ṣe ń dún nígbà tí ara rẹ̀ dá. Ìwé ogún tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹjọ́ ilẹ̀ náà wọlé.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi kún ìtàn yìí. Ọ̀gá Ògúndélé ò dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Orí àga wa ló jókòó sí, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá," ó sì mu omi. Àwọn òbúkọ yẹn, òótọ́ ni. Ẹrẹ̀ àti adìẹ nìkan ni àfikún tèmi.