Àǹtí Má-Dárúkọ àti Arànbàtà Tí Ìyá Kan Ò Bí

Bí àǹtí mi bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹnì kan fún yín, yóò kọ́kọ́ pa onítọ̀hún láró bí aṣọ, kí ó má bàa ṣeé dá mọ̀. "Mo mọ obìnrin kan," ni yóò wí nídìí tábìlì oúnjẹ, "kò gbé lágbègbè wa rárá, kì í sì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni níbí. Obìnrin náà yá ìkòkò èèyàn, kò dá a padà."

Ìyá mi, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ti fi ṣíbí lélẹ̀. "Èmi lò ń bá wí! Ìwọ ọmọ yìí, ìkòkò rẹ ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìdáná mi. Wá gbé e!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o."

Bó ṣe di Má-Dárúkọ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò mọ ohun tí ìyàwó òun ti sọ òun dà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Bóyá ó ti sọ òun di àgbẹ̀. Bóyá ó ti sin òun pàápàá.

Ẹ má dá àǹtí mi lẹ́bi, iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Yunifásítì ló ti ń ṣèwádìí nípa àwọn ogunléndé, àwọn tí ogun lé kúrò nílé: ọ̀nà tí wọ́n gbà, ohun tí wọ́n gbé dání, ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí èèyàn méjì jókòó kí ẹnì kẹta dúró lọ. Fèrèsé ibẹ̀ kì í pa dé, ìwé ló fi há a. Àga rírọ̀ kan ń bẹ níbẹ̀, ẹni tó bá wá sọ ìtàn ló ń jókòó sí i. Òun fúnra rẹ̀ a máa jókòó sórí páálí ìwé. Ó ní ẹni tó sọ ìtàn rẹ̀ fúnni ti fi ẹ̀mí rẹ̀ síni lọ́wọ́. Bí ẹni tó ń lé e bá ka ìwé náà tó sì dá a mọ̀, àwa la pa á. Nítorí náà, kí ìwé tó jáde, orúkọ á yí, ìlú á yí, iṣẹ́ ọwọ́ á yí.

Èmi ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Èmi ò lọ yunifásítì, iwájú rẹ̀ ni mo dúró sí. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ìwé tí mo bá sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ni mò ń kà, títí ìwé fi ń pa mí bí ọtí. Ó dé ìgbà kan tí mi ò lè ra búrẹ́dì mọ́ láìbi oníbúrẹ́dì pé kí ló mú un kúrò nílùú rẹ̀.

"Ìlú wo?" ni ó wí. "Ilé kejì yìí ni wọ́n bí mi sí. Ṣé o máa ra búrẹ́dì àbí o ò ní rà á?"

Nígbà tí àǹtí mi wá ní kí n máa bá òun tẹ àwọn ohùn tí òun gbà sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ńṣe ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òun àti kọ̀ǹpútà náà.

Lọ́dún tó kọjá, ìwé kan lórí àwọn tí ẹbí wọn sọnù sọ́nà la ń ṣe. Obìnrin aránṣọ kan, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, wá jókòó sórí àga rírọ̀ náà. Ó ní nígbà tí ogun dé, òun àti àbúrò òun ọkùnrin jọ sá dé etí odò. Ọkọ̀ ojú omi ti kún. Wọ́n ti òun wọlé, wọ́n ní kí àbúrò òun dúró de èyí tó ń bọ̀. Èyí tó ń bọ̀ ò dé.

"Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n àbúrò mi fẹ́ràn ìwé kíkà. Níbikíbi tó bá wà, tó bá ka eléyìí, á mọ̀ pé èmi ni. Ohun tó gbé mi wá síbí nìyẹn."

Àǹtí mi mi orí. Èmi náà mi orí. Ẹ̀rọ gbà á sílẹ̀. Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìparadà nìyẹn. Àǹtí mi sọ obìnrin di ọkùnrin, ó sọ aránṣọ di arànbàtà, ó sọ odò di òkè. Àbúrò ọkùnrin di ẹ̀gbọ́n obìnrin. Ó yẹ kó tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ara mi ti yá gágá.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fún un ní irùngbọ̀n."

"Ó dáa, ṣùgbọ́n kó má pọ̀ jù."

"Kó tún máa tiro díẹ̀."

"Kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀?"

"Ajá ló bù ú jẹ."

Inú rẹ̀ dùn. "Háà, ajá yẹn dára! Tí wọ́n bá ti rí ajá, ta ló tún máa ronú kan aránṣọ?" A bọ ara wa lọ́wọ́ bí ẹni tó kọ́lé tán.

Kí ìwé tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, àṣà àǹtí mi ni pé a ó pe àwọn tó ni ìtàn jọ, a ó kà á sí wọn létí, kí wọ́n sọ ibi tí kò tọ́. Gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé la lò, èmi ni mo sì kà á. Ẹ ò bá rí mi! Nígbà tí mo dé orí arànbàtà, mo fi ohùn sí i. Níbi tí ajá ti bù ú jẹ, mo tilẹ̀ fa ẹsẹ̀ díẹ̀.

Aránṣọ bú sẹ́kún. Ó dìde láàárín èrò. "Ẹ dákun, níbo ni arànbàtà yìí wà? Èmi náà ń wá èèyàn mi, mo mọ bó ṣe ń rí lára. Ẹ mú mi lọ bá a, kí n bá a wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Àǹtí mi wò mí, mo wò ó. Kí n má purọ́, ìdùnnú ló kọ́kọ́ dé: iṣẹ́ wa dára débi pé ẹni tó ni ìtàn ń bá ara rẹ̀ kẹ́dùn! Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú obìnrin náà, mo sì pa ìwé náà dé.

Nígbà tí èrò túká, àǹtí mi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni arànbàtà náà."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi, onírùngbọ̀n?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, èmi tí mo ni ara mi, mi ò dá ara mi mọ̀. Báwo ni àbúrò mi ṣe fẹ́ dá mi mọ̀?"

"A fi bò yín ni, kí ẹni tó ń wá yín má bàa rí yín."

"Ta ló ń wá mi?" Ó wo àǹtí mi tìyanu-tìyanu. "Kò sẹ́ni tó ń wá mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, àǹtí mi gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí òfin ìwádìí lọ, láti tọrọ àyè kí orúkọ aránṣọ lè jáde nínú ìwé; èmi gbé fáìlì tẹ̀lé e. Alága ń mu tíì. Ó gbọ́ ẹjọ́ tán, ó gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀.

"Òfin pé orúkọ ò gbọdọ̀ jáde yìí, ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló bá olùkọ́ tó fẹ́ rú u jà títí ìyẹn fi sunkún?"

"Èmi náà ni, sà."

"Ta ló wá ń rojọ́ níwájú mi báyìí?"

Àǹtí mi wo ilẹ̀. "Ẹnì kan ni, sà. Ẹ ò mọ̀ ọ́n."

Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Àmọ́ wọn ò fi ẹ̀rín parí ọ̀rọ̀. Wọ́n pe aránṣọ wá, wọ́n bi í bóyá ẹnì kan wà tí orúkọ yìí lè kó bá. Ó ní gbogbo ẹni tí òun ní ti kú tán, àfi àbúrò òun, tí òun ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Ni a bá pa arànbàtà. Ó dùn mí. Èmi àti ajá yẹn ti mọwọ́ ara wa. Odò padà sáyè rẹ̀, aránṣọ gba orúkọ rẹ̀ padà, ó tún ní ká kọ ìnagijẹ tí àbúrò rẹ̀ fi máa ń bú u mọ́ ọn.

Ìwé jáde, ó nípọn bí bíríkì. Àǹtí mi fi tayọ̀tayọ̀ gbé ọ̀kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ìyẹn yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. "Ta ló máa ń ra irú èyí?"

"Àwọn ilé ìkàwé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Àbúrò mi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ó yíjú sí mi, ó ní kí n bá òun ṣe fọ́tòkọ́pì ibi tí ìtàn òun wà, kí ó pọ̀ dáadáa. Àǹtí mi ní òun ò gbọ́ o, kí àwọn atẹ̀wé náà má gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí aṣọ tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tí kì í ṣe ìwé wa ni wọ́n fi dì í.

Ọkọ àǹtí mi gbọ́, ó fò sókè. "Má-Dárúkọ, o kú oríire! Wọ́n ti wá ń kà ọ́! Lára ṣòkòtò!"

Àǹtí mi ṣe bí ẹni tó bínú. Ṣùgbọ́n tó bá ń kọjá, á yọrí sí ṣọ́ọ̀bù náà. "Ṣé wọ́n ń kà á?"

"Àwọn mìíràn ń kà á," ni aránṣọ á fèsì. "Àwọn mìíràn fi ń nu bàtà."

Ó ti tó oṣù kan báyìí tí awakọ̀ kan tó wá gba ṣòkòtò pe aránṣọ lórí fóònù láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní níbi tí wọ́n ti ń tún táyà òun ṣe, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mú bébà tí wọ́n fi di ṣòkòtò, ó kà á, ó tún un kà. Ó fi táyà sílẹ̀, ó jáde lọ jókòó sórí òkúta, wọn ò sì rí i bá sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Kò sọ pé òun ni. Kò sì sọ pé òun kọ́.

Aránṣọ ránṣẹ́ sí wa, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gba ibùdókọ̀ lọ. Nígbà tí a bá a níbẹ̀, àǹtí mi ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ́wọ́, èmi sì gbé gègé.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí lẹ mú dání yẹn? Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ fẹ́ bi í pé báwo ló ṣe rí lára rẹ̀, àbí?"

Ìbéèrè tí àǹtí mi ti múra sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó na ẹ̀rọ náà sí mi. Aránṣọ na kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí mi. "Ìwọ dúró ti iṣẹ́. Má bi àwọn oníbàárà mi ní nǹkan kan o, wọn aṣọ fún wọn."

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Aránṣọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, àǹtí mi gbé báàgì rẹ̀ lé itan fún un, kò sì bi í ní ohunkóhun.