Ọjọ́ Tí Mo Ní Èmi Ni Màá Yan Apá

Bùrọ̀dá mi ló kọ́ mi ní eré ogun orí tábìlì. Àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí kò ga ju ìka lọ la máa ń tò, a ó fi rúlà wọn ibi tí wọ́n lè rìn dé, a ó sì ju dáìsì láti mọ èyí tó kú. Ní ọ̀sán Sátidé, àwa mẹ́fà máa ń pàdé nílé ọ̀rẹ́ wọn kan ní Bódìjà. Èmi nìkan ni obìnrin.

Bùrọ̀dá mi ló máa ń to òkè àti igbó tí wọ́n fi fóòmù gé sórí tábìlì. Àwọn náà ló tún máa ń kọ́kọ́ yan apá tí wọ́n máa dúró sí. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n léèrè rí, torí àwọn làgbà gbogbo wa.

Lọ́jọ́ tí èmi pẹ̀lú wọn jọ fẹ́ ta àṣekágbá ìdíje wa, mo dúró, mò ń wo ọwọ́ wọn. Òkè méjèèjì bọ́ sí apá ojú fèrèsé. Apá kejì, pápá gbalasa tí kò síbi tí ọmọ ogun lè sá pamọ́ sí. Wọ́n ti ń gbé àpótí ọmọ ogun wọn lọ sójú fèrèsé nígbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ tò ó. Ẹ jẹ́ kí èmi yan apá."

Wọ́n gbé àpótí náà sílẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ sọ pé mo máa ń ṣe màgòmágó ni?"

"Rárá o, sà. Ṣùgbọ́n tó bá dọ́gba, apá tó bá kù á tẹ́ yín lọ́rùn."

"Níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí?"

Ó ṣe mí bíi kí n bẹ̀ wọ́n, kí n lọ síbi pápá bí mo ṣe máa ń ṣe. Mi ò kúrò níbi tí mo dúró sí. Bùrọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo tábìlì láti ibi tí àwọn ọmọ ogun mi ìbá dúró sí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó nàró. Wọ́n gbé òkè kan kúrò lójú fèrèsé, wọ́n gbé e sí apá kejì. Wọ́n sún igbó kan. Wọ́n tún un sún.

"Ó yá, yan."

Mo yan ojú fèrèsé. Wọ́n nà mí nínú eré náà bí ẹni máa kú, wọn ò sì fi mọ́tò wọn gbé mi padà sílé ní Ṣálẹ́ńjì. Takisí ni mo wọ̀.

Ọjọ́rú ni wọ́n tó pè mí. Wọn ò mẹ́nu ba ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ìwọ ni kó o tò ó ní Sátidé. Èmi ni màá yan."

Nígbà tí Sátidé dé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan lórí òkè kan ṣoṣo, wọ́n ká ọwọ́ gbera, wọ́n dúró tì mí. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n yí tábìlì náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọn ò mọ apá tí wọn ìbá mú.