Orúnkún Mùsílímátù

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gun irin rí láyé mi, ẹ̀ẹ̀kan náà sì tó mi. Ọdún 1984 ni, níwájú gbogbo ọmọ ilé ìwé girama àwọn obìnrin tí mo ti ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá ní Lókójá. Mo fò, mo gbá irin òkè mú, mo sì rọ̀ síbẹ̀ bí ẹran lọ́wọ́ alápatà. Mo ní kí n fì, n kò fì. Mo ní kí n jábọ́, ẹ̀rù bà mí. Ṣòkòtò mi nìkan ló mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe: ó ya láti ìdí dé orúnkún. Irinwó ọmọbìnrin ló fojú rí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ẹnu nìkan ni n ó máa fi kọ́ wọn, torí pé ẹnu kì í ya.

Bámiṣayé ni orúkọ mi. Ọmọ Ìjùmú ni mí, iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi wá sí Lókójá nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ Kwara. Bí ẹ bá bi mí nígbà náà pé kí ni iṣẹ́ mi, n ó ní kóòṣì jimnásíìkì ni mí. Bí ẹ bá bi Bridget ìyàwó mi, yóò ní aláriwo ni mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni mo fi kọ́ iṣẹ́ náà ní Ìlọrin. Wọ́n fún olúkúlùkù wa ní ìwé kan tó kún fún àwòrán, ṣùgbọ́n ojú ewé tí wọ́n ti ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ti ya kúrò nínú tèmi. Ẹ ti wá mọ ìdí tí mo fi rọ̀ síbẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Irin méjì ni eré yìí ń lò, ọ̀kan ga, èkejì kúrú, àwọn obìnrin nìkan ló sì ń ṣe é. Jímọ́ọ̀ wẹ́dà, ní àdúgbò Crusher, ló fi páìpù omi jó tiwa. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tó parí rẹ̀, ó wá bi mí bóyá aṣọ ni a fẹ́ máa sá lé e. Mo bínú sí i gan-an lọ́jọ́ náà. Kí oṣù tó parí, àwọn ìyàwó tíṣà ti ń sá aṣọ lé e ní gbogbo Sátidé, Bridget ló sì ń ṣáájú wọn.

Ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe lórí irin kò nira láti sọ. Kó dì í mú, kó kó àyà sínú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n nà gbọọrọ láti ìbàdí títí dé ọmọ ìka. Bó bá ń fì bọ̀ láti ẹ̀yìn, tó ku díẹ̀ kó dé abẹ́ irin, kó ti àyà síwájú. Bó bá ti kọjá abẹ́ irin báyìí, kó fi ẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́ sókè. Ìgbá yẹn ló ń gbé ara lọ. Ṣùgbọ́n bí orúnkún bá tẹ̀, gbogbo agbára fífì náà tú dànù síbẹ̀, ọmọ á kàn máa mì lọ mì bọ̀ lásán. Mo lè sọ gbogbo èyí lójú oorun. Bridget ní mo máa ń sọ ọ́ lójú oorun.

Nínú gbogbo ọmọ tí mo kọ́, Mùsílímátù nìkan ló ní ohun tí mo ń wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Bàbá rẹ̀, Alájì Àrẹ̀mú, ń ta àwọ̀n ìpẹja àti okùn ní Lókójá àtijọ́, níbi tí àwọn ará Ìlọrin ti tẹ̀dó tipẹ́. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń gbé ìdì okùn láti inú ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá dì mú kì í bọ́. Ìyá rẹ̀ rán ṣòkòtò gígùn fún un, ó wé ìborùn rẹ̀ le, ó sì gun irin lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé wọn. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bó bá ti ń fì, tó dé ibi tó yẹ kó gbá ẹsẹ̀ sókè, orúnkún rẹ̀ á tẹ̀. Mo pariwo, ó tẹ̀. Mo fọn fèrè, mo tún pariwo, ó tún tẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù kì í tilẹ̀ fì dé ibi tí orúnkún á ti di ọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1986, ìwé dé pé ìdíje yóò wà ní Ìlọrin, pé ọmọ mẹ́ta tó bá mókè ni wọn yóò máa kó jọ ní gbogbo ọlidé, tí wọn yóò sì máa kọ́ fún ìpínlẹ̀. Mo mú ìwé náà lọ bá Alájì ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fọ̀wọ̀ gbà mí, ó ní kí n jókòó lórí ìdì àwọ̀n.

"Tíṣà, n kò ní kí ọmọ mi má fò," ni ó wí. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọmọbìnrin tó bá ti mọ́ lára láti máa gbé ẹsẹ̀ sókè níwájú èrò, ìtìjú lè kúrò lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Bí wọ́n bá mú un ní Ìlọrin, mo gbà pé Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá mú un, ó parí nìyẹn. Kó sọ̀ kalẹ̀ lórí irin, kó wá ràn mí lọ́wọ́ níbí bó bá ti jáde ilé ìwé."

Mùsílímátù sìn mí dé ìta. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Sà, ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n yọ mí o." Kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá gbọ́n á ní òun á gbìyànjú. Èmi lu àyà. Mo ní, "Èmi Bámiṣayé? Lọ fọkàn balẹ̀!" Ará ọ̀nà mẹ́ta ló yíjú wo ẹni tó ń pariwo.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lé orúnkún kiri nìyẹn, fún odidi oṣù márùn-ún. Mo ní páìpù Jímọ́ọ̀ ni kò dára, ó ní kí n mú omíràn wá láti Amẹ́ríkà. Mo ní oúnjẹ ni, mo ń fi ẹyin bọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo há rúlà méjì sí ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀, mo fi báńdéèjì wé e. Mo pè é pé kó nà, rúlà kan kán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sọ fún mi pé, "Sà, bí ẹ ò bá sí níbí, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń nà dáadáa." Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa láti fi bo ọ̀rẹ́ wọn láṣìírí. Mo fi ìyà jẹ wọ́n, wọ́n gé koríko pápá. Ọlọ́run dárí jì mí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká lọ ni Alájì rán ìyá tirẹ̀, ìyá àgbà ọmọ náà, wá wo ohun tí à ń ṣe. Ìyá Mọ̀ríámọ̀ ni wọ́n ń pè é, àgbàlagbà obìnrin tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́ kedere. A gbé bẹ́ǹṣì fún un sábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí mo rí i pé àlejò wà, mo fi kún ohùn mi.

"Mùsílímátù! Na ẹsẹ̀!"

"Sà!" Orúnkún tẹ̀.

"Mùsílímátù! Mo ní kí o nà á!"

"Ẹ má bínú, sà!" Ó tún tẹ̀.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìyá àgbà pè mí. "Tíṣà, ẹ wá ná. Kí lẹ ń bá ọmọ yìí jà lé lórí?"

"Orúnkún rẹ̀ ni, Màmá. Kì í nà."

"Kò ní nà. Ó ń kí yín ni."

Mo ní kò yé mi.

"Ẹ̀ ń pè é, ó ń dá yín lóhùn. Ṣé ọmọ tí a kọ́ nílé á nàró ṣánṣán dá àgbà lóhùn ni? Láti ìgbà tó ti ń rá ni mo ti ń kọ́ orúnkún yẹn. Kò sí ilẹ̀ lókè níbẹ̀ tó lè kúnlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n orúnkún ti gbọ́ pé wọ́n pe òun. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Tíṣà."

"Àwọn yòókù ńkọ́, Màmá? Èmi náà ni mò ń pè wọ́n."

"Àwọn yẹn ti dẹ́kun gbígbọ́ tiyín tipẹ́."

Mo padà sí ẹsẹ̀ irin. Mo pa ẹnu mọ́, bí ó ti ṣòro tó, mo kàn fi ọwọ́ júwe pé kó bẹ̀rẹ̀. Ó fì lọ, ó fì bọ̀, àyà rẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ. Nígbà tó gbá afẹ́fẹ́, ara rẹ̀ gòkè kọjá irin, ó sì dúró lórí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́ẹ̀mẹjọ ló ṣe é, orúnkún kò tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ojú tì mí débi pé mo lọ dúró sẹ́yìn igi. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo ti ń wá àìsàn tí ó jẹ́ pé èmi fúnra mi ni.

A gbìyànjú pé kó má dá mi lóhùn mọ́. Ẹnu rẹ̀ gbà, orúnkún kọ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí n dákẹ́. Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́ fún Bridget, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gbàdúrà lórí ẹnu yín. N kò mọ̀ pé orúnkún ni Ọlọ́run máa gbà wọlé."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí à ń lọ, Ìyá Mọ̀ríámọ̀ fún mi ní obì gbàǹja ńlá kan. Ó ní bó bá ti kan ọmọ òun, kí n jù ú sẹ́nu, kí n má sì yọ ọ́ títí ó fi máa sọ̀ kalẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tí èrò kún fọ́fọ́ ní Ìlọrin, mo jókòó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Mùsílímátù gun irin. Ó fì nísàlẹ̀, ó gòkè, ó bọ́ sí irin òkè. Ọwọ́ rẹ̀ òsì yẹ̀ díẹ̀, ẹnu mi fẹ́ là, mo fi eyín há gbàǹja náà mọ́lẹ̀. Ó tún ọwọ́ mú. Ó fì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹsẹ̀ nà, ó fi irin sílẹ̀, ó ré e kọjá, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ lórí fóòmù láìta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Ayọ̀ tó gbé mi dìde kò jẹ́ kí n rántí nǹkan kan. Kó tó ráyè gbé ọwọ́ sókè fún àwọn adájọ́, gbàǹja ti fò jáde, mo sì ti ké e:

"Mùsílímátù!"

"Sà!"

Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ lórí fóòmù. Ó gbójú sókè, ó ń wá mi láàárín èrò. Ó ní, "Sà, ẹ pè mí."

Lójú àwọn adájọ́, ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá kan fóòmù kó tó gbé ọwọ́ sókè fún wọn ti ṣubú. Wọn kò jẹ̀bi, òfin ni. Wọ́n yọ ọ́ ní máàkì, ó sì ṣe ipò kẹrin. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ni tèmi mú un bá.

Láti Ìlọrin títí dé Kàbà, n kò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ó ń sunkún jẹ́ẹ́jẹ́ sínú ìborùn rẹ̀. Nígbà tí a kọjá Kàbà, ó nu ojú, ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yín ń dẹ́rù bà mí." Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

A dé ọ̀dọ̀ Alájì ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà gba ẹ̀yìn kọ́tìnì wọlé. Èmi kò jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ẹní, mo na gbogbo ara.

"Alájì, wọn kò mú un. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ o, ẹnu mi ni. Ó fò dáadáa, ó sọ̀ dáadáa, èmi ni mo pè é, ó sì kúnlẹ̀. Ẹ má yọ ọ́ lórí irin nítorí tèmi. Ẹ kúkú lé èmi."

Alájì bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi. Ó wá ní, "Ẹ ní ó kúnlẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Níwájú gbogbo èrò Ìlọrin?"

"Níwájú gbogbo wọn. Wọ́n tilẹ̀ rẹ́rìn-ín."

"Lẹ́yìn tó ti fò débi tó fò dé, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ pè é, ó kúnlẹ̀?"

"Bó ṣe fẹsẹ̀ kanlẹ̀ báyìí, sà."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀ wá. "Ìyá!" ó pe ìyá rẹ̀ nínú ilé lọ́hùn-ún. "Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yín ṣe ní Ìlọrin o!" Ó kọjú sí mi. "Tíṣà, ìtìjú ni mo ní ó máa sọnù lórí irin. Ẹ sì wá ń sọ fún mi pé ìtìjú náà ló mú un pàdánù ipò. Irin yẹn kò lè ba ọmọ mi jẹ́ mọ́. Kó máa gùn ún lọ. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ mú un lọ, ṣùgbọ́n ìyá mi ló máa jókòó tì yín."

Mo fẹ́ dìde láti dúpẹ́, mo gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, ohùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán, tó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Sà, ẹ má tíì dìde. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Mo wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, wọ́n nà gbọọrọ láti ìbàdí títí dé ọmọ ìka. Ọdún méjì ni mo ti ń fi ẹnu júwe rẹ̀ fún un. Ọjọ́ yẹn, lórí ẹní bàbá rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i lára mi.