Orin Tí Kò Ní Dò

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ Festus ni mo fẹ́ sọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Aránṣọ ni, ní Ìgbólé-Èkìtì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, kò tíì níyàwó, kò sì lọ́rẹ̀ẹ́ tó ṣe é tọ́ka sí. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ orin rọ́ọ̀kì kan ṣoṣo lórí jìtá báàsì, láti inú pépà, láìní kásẹ́ẹ̀tì tí yóò fi gbọ́ ọ.

Jìtá náà, ti ìjọ Áńgílíkà ni. Ọdún kẹjọ rèé tí Festus ti ń ta á, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ló máa ń na ìka sókè fún un: ìka kan, dò ni, ìka mẹ́rin, fà, ìka márùn-ún, sóò. Festus á wo ìka, á wá a kàn lórí okùn, ó parí. Bí ìsìn bá tán, wọ́n á kí ẹni tó kọrin, wọ́n á kí onídùùrù, Festus á ká wáyà rẹ̀, á lọ sílé. Ta ní í kí oníbáàsì?

Àfi ìgbà tí Dámilọ́lá dé. Agùnbánirọ̀ láti Èkó ni, ó wá kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì, ó sì gbé jìtá tirẹ̀ lọ́wọ́. Odidi ọdún kan, bí iléèwé bá ti jáde báyìí, ṣọ́ọ̀bù Festus ló ń bọ̀. Òun á máa ta ohùn òkè, Festus á máa gbè é nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ta orin rọ́ọ̀kì kan, ẹ gbà mí, orin tó ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé!

“Bọ̀dá Festus,” ó ní, “báàsì ló ni orin yìí. A máa ta á pa pọ̀ lọ́jọ́ kan.”

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìsìnlú rẹ̀ parí, ó padà sí Èkó. Lọ́jọ́ náà Festus ń tẹ ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ ń gun ṣòkòtò kọjá, òwú ti tán nísàlẹ̀, kò mọ̀. Ìgbà tó gbé ṣòkòtò sókè ni ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì là gbayau.

Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 2004, dírẹ́bà kan mú lẹ́tà Dámilọ́lá wá fún un. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń gbé ìyàwó fún ọ̀rẹ́ mi ní Ìdó, Sátidé tó tẹ̀lé Àjíǹde. Màá yà sọ́dọ̀ yín. Mo rí báàsì orin wa nílé kọ̀ǹpútà, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Tábù ni wọ́n ń pè é. Ẹ kọ́ ọ kí n tó dé, ká lè ta á pa pọ̀.”

Kò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ nǹkan kì í rántí pé ìgbà kan wà tí òun ò mọ̀ ọ́n.

Festus tẹ́ pépà náà sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Ìlà mẹ́rin ló lọ gbọọrọ lórí rẹ̀, nọ́ńbà sì jókòó lórí àwọn ìlà náà bí ẹyẹ lórí wáyà iná. Ìlà mẹ́rin! Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin wo ni kò mọ ohùn mẹ́rin? Tíríbù, áltò, tẹ́nọ̀, báàsì. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, tiẹ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà ńkọ́? Ìka onídùùrù mà ni! Ẹẹ́ta, mí. Aárùn-ún, sóò. Eéje, tìì. Òdo ńkọ́? Òdo kì í ṣe nǹkan kan, nítorí náà kí èèyàn dákẹ́ ni. Festus pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Inú rẹ̀ tún wá dùn sí i nígbà tó rí i pé nọ́ńbà kún ìlà ìsàlẹ̀ fọ́fọ́, tí àwọn ìlà tó kù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Báàsì ló ni orin lóòótọ́!

Ohun kan ṣoṣo ló yà á lẹ́nu. Ó wá oókan, tí í ṣe dò, títí, kò rí. Orin tí kò ní dò! “Àwọn òyìnbó yìí láyà o,” ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ampilifáyà, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló wà, nítorí náà ó máa ń fi ìdí jìtá ti tábìlì, kí pákó lè bá a gbé ohùn. Mí, dákẹ́, sóò, dákẹ́, dákẹ́, mí. Lójoojúmọ́. Christiana, ìyá àgbà tó ń ta epo pupa níwájú ṣọ́ọ̀bù, fara dà á títí, ó sú u.

“Festus, orin lèyí àbí ò ń ka bọ́tìnnì?”

“Orin ni, Màmá.”

“Orin tó ń dákẹ́ ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ! Ùyàwó lọkùnrin ń gbé mọ́ra, kì í ṣe pákó. Uṣẹ́ mi ńkọ́?”

“Ó di ọ̀la, Màmá.”

“Ọ̀la tìrẹ yìí ti pé ọ̀sẹ̀ méjì.”

Festus rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí ìyá náà yí padà, ó kọjú sí àga tí Dámilọ́lá máa ń jókòó sí, ó ní, “Kọ́pà, ibi tí mo bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ni kí ìwọ ti wọlé o.” Ohùn ara rẹ̀ ló ta á jí. Ó wo ìta bóyá ẹnì kan gbọ́.

Kí Àwẹ̀ Lẹ́ńtì tó parí, ó ti ń ta á láìwo pépà.

Ọjọ́ Sátidé náà pé. Festus ti gbálẹ̀, ó ti bẹ̀bẹ̀ gba ampilifáyà, ó ti ra mínírà méjì kalẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni takisí kan dúró, Dámilọ́lá bọ́ sílẹ̀ nínú aṣọ ìgbéyàwó, jìtá lẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀, Festus gbé e dìde, wọ́n dì mọ́ra.

“Wákàtí kan péré ni mo ní, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tí a jọ wọkọ̀ ń dúró dè mí.”

“Ó tó wa, ó tó wa. Ká bẹ̀rẹ̀.”

Dámilọ́lá ka wáànù, tùú, tíríì, fọ́ọ̀, ó sì gbéra. Festus wọlé. Mí, dákẹ́, sóò.

Dámilọ́lá dúró. “Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ ń ta?”

“Orin wa.”

“Ẹ dá a ta kí n gbọ́.”

Festus dá a ta, ojú rẹ̀ ń tàn. Ẹ̀rín fẹ́ bú jáde lẹ́nu Dámilọ́lá, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

“Ta ló kọ́ yín báyìí?”

“Pépà rẹ ni.”

Dámilọ́lá gba pépà náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. “Ha! Ẹ̀rọ gé orúkọ àwọn okùn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ohùn mẹ́rin o, okùn mẹ́rin ni. Èyí tó wà lókè nínú pépà ni okùn tín-ín-rín tó wà nísàlẹ̀ lára jìtá. Nọ́ńbà yìí ni ojú tí ẹ máa fìka tẹ̀ lọ́rùn jìtá. Òdo, ẹ ta okùn náà lásán, ẹ má tẹ ojú kankan.”

“Gbogbo òdo wọ̀nyí?”

“Ariwo ni gbogbo wọn.”

“Èmi sì ń dákẹ́.”

“Ẹ mà dákẹ́ o!”

Ni àwọn méjèèjì bá rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀. Festus kò jẹ́ kó pẹ́ kó tó yé e; òdì aṣọ ni aránṣọ ti ń rán nǹkan, ó mọ bí a ṣe ń wo nǹkan ní àyípadà. Àmọ́ ọwọ́ kò gbọ́. Ìlà àkọ́kọ́ jáde ní díẹ̀díẹ̀, tábìlì gbọ̀n, ìgò mínírà ń lu ara wọn, áà, ohùn yẹn! Wọ́n gbìyànjú láti jọ ta á. Ibi tí Dámilọ́lá ti nílò rẹ̀ gan-an ni ọwọ́ Festus ti padà sí àṣà oṣù mẹ́ta, ó dákẹ́. Wọ́n tún un ṣe. Ó tún dákẹ́. Takisí fun fèrè. Ó tún fun ún.

“Ẹ̀bi mi ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Fi ìyẹn sílẹ̀. Ìgbà wo lo tún ń bọ̀?”

Dámilọ́lá ń ti jìtá bọ àpò rẹ̀, kò gbójú sókè. “Oṣù kẹfà ni mò ń lọ sí Kánádà. Mo fẹ́ ká ta á kí n tó lọ ni.”

Festus bá a gbé jìtá dé ẹnu ọ̀nà takisí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi kọ́ orin náà bó ṣe yẹ, kò sí ibi tó ti ṣì í mọ́. Christiana fi epo sílẹ̀, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ìwọ lò ń ta èyí? Ó dùn o. Àmọ́ ó dà bíi pé ò ń dá ẹnì kan lóhùn. Ta ni?”

Festus tún orin náà bẹ̀rẹ̀. Ó ń ta á lọ.

Ó ṣì ń ta á, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Báàsì nìkan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má kàn gbà mí gbọ́ lásán. Láti Ìfàkì, ọ̀kadà kò ní pẹ́ kó tó gbé yín dé Ìgbólé. Ẹ béèrè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ẹ lọ wò ó fúnra yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ mọ jìtá ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e dání.